Ọdún Mọ́kànlá Lẹ́yìn Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọjọ́ Àìkú, 6 oṣù kẹrin

Ṣé ènìyàn lè bínú tọkàntọkàn sí ẹ̀yìn tí kò rí? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n sùn. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni mo ń bá ẹ̀gbọ́n mi jà nínú ọkàn mi, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nítòsí. Wákàtí kan ló fi ṣáájú mi.

Bí a ti ń ṣe é láti ọdún mọ́kànlá nìyẹn. Òun á kọ́kọ́ lọ. Èmi á jókòó, màá máa wo aago. Tí wákàtí kan bá pé, màá gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, màá sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìwé tí ó kọ nìkan. Kò sí máàpù. Kò sí fóònù. N kò gbọ́dọ̀ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. N kò sì gbọ́dọ̀ lo ọgbọ́n orí ara mi — òfin tirẹ̀ nìyẹn, ó sì fẹ́ràn láti máa kà á sí mi létí. Ibi tí mo bá ti sọnù, ìwé ló ṣì í. Màá fi bírò pupa sàmì síbẹ̀. Tó bá di alẹ́, a ó jókòó, a ó jà lórí àmì.

Iṣẹ́ wa ni. Iléeṣẹ́ kan ń kó àwọn tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ rin etí òkun lásìkò ìsinmi wá síbí. Wọn kì í fún wọn ní afinimọ̀nà. Ìwé pélébé kan ni wọ́n ń fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń kọ ìwé náà, èmi ni mo ń yẹ̀ ẹ́ wò. Awọnlẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì. Èmi ṣì ń tọ́jú ibi ìkàwé ilé-ẹ̀kọ́ kan, ìsinmi ọdún mi ni mo sì fi ń ṣe èyí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án lórí bèbè òkun tí òjò ń bù lulẹ̀ lọ́dọọdún. Nítorí bíbù yẹn ni a ṣe gbọ́dọ̀ tún un rìn lọ́dọọdún.

Lójú rẹ̀, "ẹ̀yin" ni mo ń pè é. Nínú ìwé yìí, "ó" ni. Aṣíwájú ni orúkọ rẹ̀ níbí. Ó yẹ kí ènìyàn ríbi mí.

Abúlé tí a ti bẹ̀rẹ̀ lónìí: èrò bí eèrà. Ìlà àwọn tó fẹ́ ya fọ́tò lórí àpáta kan ṣoṣo gùn ju ìlà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá kò kéré. Ìwé Aṣíwájú ní: "Tí o bá ti kọjá ilé tó kẹ́yìn, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ èémí ara rẹ." Òótọ́ ni, ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Mo kọjá ilé tó kẹ́yìn, mo gbọ́ èémí ara mi. Èémí ẹni tí inú ń bí ni.

Ọjọ́ Ajé, 7

Àmì pupa mẹ́fà. Ó gba méjì.

Igi ló fa ìjà tó gùn jù. Ìwé ní: "Níbi igi tó dá dúró, yà sí ọwọ́ ọ̀tún." Mo débẹ̀, igi mẹ́ta. Mo yà níbi èyí tí mo kọ́kọ́ rí, ẹrẹ̀ sì gbé mi títí dé orúnkún. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, igi mẹ́ta ló wà níbẹ̀." Ó ní ọ̀kan ló dá dúró, pé àwọn méjì yòókù wà papọ̀. Ó sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín. Mo ní báwo ni àlejò ṣe máa mọ èyí tó dá dúró nígbà tí kò tíì rí àwọn tó wà papọ̀? Ó ní, "Àlejò tó bá ní làákàyè á mọ̀ ọ́n." Mo ní ṣé wọ́n ń ta làákàyè mọ́ ìwé náà ni? Ó dìde, ó lọ fọ eyín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8

Òjò. A kò bá ara wa sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tó dára jù láti ìgbà tí a ti dé.

Ọjọ́rú, 9

"Kọjá lórí afárá pákó." Kò sí afárá. Òpó méjì ni mo rí, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, omi sì ń sáré láàárín wọn bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo wọ inú omi náà. Ó mù mí dé ìdí. Ní òdìkejì, àgbẹ̀ kan fara ti wáyà ọgbà rẹ̀, ó ń wò mí, ajá rẹ̀ sì ń gbó mi bí ẹni pé èmi ni mo pa bàbá rẹ̀.

Nígbà tí mo jáde, tí omi ń ro lára mi, ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ ṣe ìkẹta tó máa wá afárá yẹn lọ́sẹ̀ yìí. Ṣé ìwé kan náà lẹ jọ ń kà ni?" Mo béèrè àwọn méjì yòókù. Ó ní ọkùnrin kan tó wọ bàtà tuntun ni, àti ìyàwó rẹ̀ tó ń bú u. Mo ní àgbàlagbà kan ńkọ́, tó kọjá láàárọ̀ yìí? Ó ní, "Ìyẹn? Ìyẹn gba òkè lọ. Kò tilẹ̀ wo ìsàlẹ̀."

Kò tilẹ̀ wo ìsàlẹ̀.

Àwọn àgbà ní tí ará iwájú bá jìn sí kòtò, ẹ̀kọ́ ni fún ará ẹ̀yìn. Ní tiwa, ará iwájú a rí kòtò, a yà fún un, a sì máa retí kí ará ẹ̀yìn wá fi àmì pupa sí i.

Mo sọ ọ́ fún un lálẹ́. Ó ní, "Ìwé ni kó sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi." Mo ní, "Ìwé yín sọ̀rọ̀. Irọ́ ló pa." Ó na aṣọ inura sí mi. N kò gbà á. Otútù ti mú mi, ṣùgbọ́n n kò gbà á.

Ọjọ́bọ̀, 10

A ti dé ilé àlejò tí a ó fi ṣe ibùdó fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó dá wà ní ìta gbangba, kò sí ilé mìíràn títí ojú fi gbé e dé. Obìnrin tó ni ín — Má-Fọwọ́-Kàn-Án ni mo sọ ọ́ — kì í fẹnu sọ̀rọ̀, ó máa ń lẹ ìwé mọ́ ara ògiri ni. Lára ilẹ̀kùn: "Ẹ rọra tì í." Lára fèrèsé: "Ẹ má ṣí i." Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwẹ̀: "Ìṣẹ́jú mẹ́rin." Lórí àwòrán ẹṣin kan: "Kì í ṣe fún títà." Ta ló béèrè? Lára iná yàrá mi: "Aago mẹ́wàá ni yóò kú." Aago mẹ́wàá ló sì kú. Fìtílà oníbátìrì mi ni mo fi ń kọ èyí.

Mo ti ka ìwé tó pọ̀ lórí ìrìn. Gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan pé bí ẹsẹ̀ bá ń lọ, ọkàn a máa tú ká. Ọkàn mi kò tú ká. Ńṣe ló ń ká jọ bí ìkúùkù. Ṣé àwọn tó kọ ìwé wọ̀nyẹn rìn lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n wọn rí?

Ọjọ́ Ẹtì, 11

Màá kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọ̀nà àyíká ni ti òní: a ó gba etí omi lọ, a ó gba orí bèbè padà sí ilé àlejò yìí. Ìwé ní: "Sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà irin. Yà sí ọwọ́ ọ̀tún. Rìn lórí yanrìn fún ogójì ìṣẹ́jú títí wàá fi rí àtẹ̀gùn olókùúta."

Àkàbà wà níbẹ̀, ìdajì rẹ̀. Òkun ti jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo dé orí ọ̀pá tó kẹ́yìn, ẹsẹ̀ mi ń fì nínú afẹ́fẹ́, yanrìn sì wà nísàlẹ̀, ó jìn ju ìdúró ènìyàn kan lọ. Mo wo ìwé. Ìwé ní kí n sọ̀kalẹ̀. Mo fò.

Ogójì ìṣẹ́jú. Kò sí àtẹ̀gùn. Bèbè ti ya lulẹ̀, ó gbé àtẹ̀gùn lọ, ó sì ti di òkìtì amọ̀ àti òkúta tó dí gbogbo etí omi. Mo padà. Ọwọ́ mi kò tó ọ̀pá àkàbà. Mo fò sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, èmi ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Òkun sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Kò pariwo rárá. Ó kàn ń gba yanrìn díẹ̀díẹ̀, bí àlejò tó ń sún mọ́ ọ lórí bẹ́ǹṣì.

Mo tún sáré padà síbi òkìtì. Omi ti dé àyà mi kí n tó débẹ̀. Mo fi ọwọ́ àti orúnkún gun amọ̀ náà. Mo ń di gbòǹgbò mú, gbòǹgbò ń já. Bàtà ẹsẹ̀ òsì mi lọ. Báàgì lọ. Ìwé àti bírò pupa nìkan ló wà láyà mi, inú ọ̀rá. Nígbà tí mo dé òkè, mo dojú bolẹ̀, mo bú ẹ̀gbọ́n mi sókè lóhùn rara, ní orúkọ rẹ̀ gan-an, orúkọ tí n kò pè rí láyé mi.

Ó jókòó sínú pálọ̀ nígbà tí mo wọlé. Ó ní, "Ibo lo gbà pẹ́ báyìí?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rí àkàbà yẹn?"

Ó ní òun rí i.

"Ẹ sì kọjá."

Ó ní òun rò pé èmi náà máa rí i, màá sì padà.

Mo ní, "Ọdún mọ́kànlá lẹ ti ń sọ fún mi pé kí n má ronú."

Nígbà náà ló wo orúnkún mi tí ẹ̀jẹ̀ ti bò. Ó na ọwọ́, ó gba bírò pupa lọ́wọ́ mi — ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kànlá — ó sì kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà kọjá ojú ewé kọkànlélọ́gbọ̀n: MÁ SỌ̀KALẸ̀.

Mo lọ sunkún níbi ìwẹ̀. Ó ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé ó dáa, ohun tí a wá ṣe nìyí. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa tẹ ìwé. Èmi ni mo jìn sí i, kò sí ẹlòmíràn tó máa jìn sí i mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12

Mo sinmi. Mo ra bàtà àlòkù lọ́wọ́ Má-Fọwọ́-Kàn-Án. Lọ́sàn-án, ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ wọlé. Kí n tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo ti mọ̀ wọ́n: ìyàwó ń bú u bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Oníbàtà-Tuntun tí àgbẹ̀ sọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti lé ròrò, ìyẹn ló dá wọn dúró sọ́nà.

Ìyàwó ní, "Igi tó dá dúró! Igi mẹ́ta! O ní o mọ èyí tó dá dúró!"

Ọkọ ní, "Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀, ìyàwó mi, èmi kọ́ ni mo gbìn ín."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìwé ọdún tó kọjá lẹ mú wá. Ọkùnrin náà ní rárá, tuntun ni. Ó nà án sí mi.

Tuntun ni. Ọdún yìí ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Oṣù kejì ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Afárá pákó wà níbẹ̀. Igi tó dá dúró wà níbẹ̀. Ojú ewé kọkànlélọ́gbọ̀n: "Sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà irin." Ní ojú ewé kìíní, lábẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n kọ ọ́ pé: "Ẹni tó rin gbogbo ọ̀nà yìí lọ́dún yìí, tó sì yẹ ìwé yìí wò." Orúkọ mi ló tẹ̀ lé e. Àti ìfọwọ́sí mi, tó jọ tèmi dáadáa.

Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má dé ibi àkàbà yẹn, pé ikú wà níbẹ̀. Oníbàtà-Tuntun fi ìka tẹ ojú ewé kìíní. Ó ní, "Màmá, obìnrin yìí rìn ín."

Mo ní, "Èmi ni obìnrin yẹn."

Ó wo báńdéèjì orúnkún mi. Ó wo ìwé. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i, ẹ̀yin náà lẹ ń sọ pé ká má lọ. Èwo ni ká gbà gbọ́?" Ìyàwó rẹ̀ ní, "Gba èyí tó ń ṣẹ̀jẹ̀ gbọ́, òmùgọ̀."

Mo bá Aṣíwájú nínú yàrá rẹ̀. N kò kan ilẹ̀kùn. Kò sẹ́. Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ọ̀gá iléeṣẹ́ ti ní àwọn oníbàárà ń fẹ́ ìwé kí àsìkò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí náà oṣù kejì ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Kò sì sẹ́ni tó lè rin ọ̀nà yìí kí òjò tó dá. Ó ní, "Àtúnṣe rẹ máa ń wọlé. Ó máa ń wọlé lọ́dún tó bá tẹ̀ lé e."

Mo ní, "Nígbà yẹn, ọ̀nà ti yí padà."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ọdún mẹ́fà tí gbogbo èrò ti ń rin ọ̀nà ọdún tó lọ. Mo ní ta ló fi orúkọ mi síbẹ̀? Ó ní òun ni. Mo ní kí wá ló dé tí ẹ fi ń mú mi wá, tí mo ń bọ́ sínú ẹrẹ̀, tí mo ń bọ́ sínú omi? Ó ní, "Tí mo bá sọ fún ẹ pé kò wúlò mọ́, ṣé wàá wá?"

Ìyàwó rẹ̀ ti fi í sílẹ̀ tipẹ́, kò bímọ. Mo mọ ìdáhùn, òun náà mọ̀ ọ́n. Ẹni mìíràn lè ṣàánú rẹ̀. Ìkórìíra tí mo ní sí i lálẹ́ yìí mọ́ tónítóní, bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 13

Mo jókòó sẹ́nu àkàbà láti aago méje àárọ̀ títí di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ènìyàn mẹ́rìnlá ló wá. Àwọn mẹ́rìnlá ló fi orúkọ mi hàn mí.

Àwọn mọ́kànlá padà. Àwọn kan dúpẹ́. Obìnrin kan tó dé fìlà pupa ní kí n gbé ara mi kúrò lójú ọ̀nà, pé ọ̀fẹ́ kọ́ ni òun fi wá. Ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, wọ́n sọ̀kalẹ̀. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ àti ẹ̀rín wọn nísàlẹ̀ títí wọ́n fi dé ibi tí àkàbà gé sí. Wọ́n gòkè padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gòkè kẹ́yìn ní, "Ọlọ́run á bi ẹni tó kọ ìwé yìí." Mo ní, "Àmín." Aṣíwájú gbọ́ ọ. Ó ti dé láti ọ̀sán, ó gbé pátákó kan tó kùn ní pupa lọ́wọ́, ó sì jókòó sí òdìkejì àkàbà.

Nígbà tí a padà, Má-Fọwọ́-Kàn-Án fi ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní ká má fi pátákó sílẹ̀ níbẹ̀ o, pé afẹ́fẹ́ tàbí àwọn ọmọ ìta á jù ú sókun kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó tún ní ẹgbẹ́ èrò mẹ́tàlélógún ń bọ̀ ní ọ̀la, àwọn arúgbó àti tọkọtaya. Lẹ́yìn náà ló sọ pé wọ́n ń pè mí lórí fóònù ilé.

Ọ̀gá iléeṣẹ́ ni. Ohùn rẹ̀ dùn bí ẹni tó ń fi òróró fọ ẹnu. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀gbọ́n yín pè wá láàárọ̀. Wọ́n jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, àti ti ìfọwọ́sí yẹn. Ó bani nínú jẹ́. Wọ́n ní àwọn ti fi iṣẹ́ ìwé náà sílẹ̀, pé ẹ̀yin ni ká gbé iṣẹ́ náà fún."

Mo béèrè ìgbà tí wọ́n á máa tẹ ìwé tèmi. Ó ní oṣù kejì, bí wọ́n ti ń ṣe é. Mo ní ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò? Ó ní, "Àwọn oníbàárà ṣì ń bọlá fún orúkọ ẹ̀gbọ́n yín. Ó lè dúró síbẹ̀." Mo ní àwọn ìwé tó ti wà lọ́wọ́ èrò ńkọ́, ojú ewé kọkànlélọ́gbọ̀n? Ó ní wọ́n á há bébà kékeré kan sínú rẹ̀ tó bá yá. Mo ní, "Nígbà wo?" Ó ní, "Tó bá yá, Àǹtí." Mo ní màá fún un lésì láàárọ̀.

Aṣíwájú dúró ní kọ́ríńdọ̀. Ó ní, "Gbà á. Ìwọ á ṣe é dáadáa jù mí lọ."

Mo ní, "Títí oṣù kejì á fi dé."

Ọjọ́ Ajé, 14

N kò sùn rárá. Ṣé ìtìjú ló mú kó jẹ́wọ́, àbí ó kàn ń wá orí mìíràn tó máa gbé ẹrù náà kà? N kò mọ̀. Mo ti ka ìwé tó pọ̀ tó láti mọ̀ pé ènìyàn kan lè ṣe méjèèjì pẹ̀lú ọwọ́ kan náà. N kò tíì dárí jì í. Mo wádìí ọkàn mi dáadáa, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó jọ ọ́.

Ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé èmi kọ́. Ọdún mọ́kànlá, ọdọọdún ni wọ́n ń fi ẹyọ ìwé tuntun kan ránṣẹ́ sílé mi. Èmi tí mo ń tọ́jú ìwé fún gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, mo máa ń tò ó sórí pẹpẹ láìṣí i. Kí ni mo fẹ́ kà níbẹ̀? Ṣebí èmi ni mo rìn ín.

Mo ti kọ èsì. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń kúrú sí i. Ó wà báyìí pé: N kò gba iṣẹ́ náà. Ẹ yọ orúkọ mi. Èmi tí ẹ kọ orúkọ mi sí ojú ewé kìíní kò rin ọ̀nà inú ìwé yìí lọ́dún yìí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kò sì sẹ́ni tó rìn ín. Mo ti kọ ọ́ bákan náà sí ìjọba ìbílẹ̀ tó ni etí òkun, pé kí wọ́n wá ti ibi àkàbà pa. Títí wọ́n á fi wá, èmi á jókòó síbẹ̀. Aago méje ni Má-Fọwọ́-Kàn-Án máa ń ṣí fóònù. Ó ti gbà láti ka méjèèjì fún wọn. Ó ní òun kò ní fi ọ̀rọ̀ kankan kún un. Mo gbà á gbọ́.

Ìsinmi mi parí lọ́la. Wọn á bínú níbi iṣẹ́.

Fèrèsé ti ń funfun. Èrò mẹ́tàlélógún á ti máa wọ bàtà wọn níbì kan. Mo ń gbọ́ Aṣíwájú ní yàrá kejì, ó ń so okùn bàtà tirẹ̀, ó ń gbé pátákó. Báyìí ló ṣe máa ń jáde, kí n tó dìde. Ṣùgbọ́n bàtà mi ti wà lẹ́sẹ̀ mi láti aago mẹ́rin, kò sì ní ṣáájú mi dé ibẹ̀ lónìí. Mo pa fìtílà.